Ajá àgbàtọ́ tó ń já okùn mọ́ni lọ́wọ́ lójú títì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù méjì rèé tí mo ti gba ajá kan tọ́ níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Akọ ni, ó tó bí ọmọ ọdún méjì. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ni wọ́n so ó mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Nínú ilé, kò sí ajá tó jẹ́jẹ́ tó o. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú okùn pé ká jáde, ó di nǹkan mìíràn: á máa fò, á máa fà, á máa gbó gbogbo ajá, ewúrẹ́ àti zémidjan (ọ̀kadà) tó bá kọjá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kó fà mí ṣubú lẹ́bàá ọjà Ouando. Àwọn ará àdúgbò ní kí n máa nà án, pé yóò gbọ́ràn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ajá o. Ẹ má nà án. Kì í ṣe torí àánú nìkan. Pàṣán kò ní fún yín ní ohun tí ẹ ń wá ni. Ajá yín rí ajá mìíràn lọ́ọ̀ọ́kán, pàṣán balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí yóò so pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ ni pé ìgbà tí ajá bá yọ ni ìrora máa ń dé. Bó bá yá, á máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbó láti ibi tó jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí onítọ̀hún má baà sún mọ́ òun rárá. Bí ẹ bá sì nà án títí tó fi dákẹ́ lóòótọ́, kíkùn rẹ̀ ni ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù tàbí ìbínú tó wà nísàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ajá tí wọ́n ti nà dé ibi tí kì í kùn mọ́ ni ajá tó ń géni jẹ láìkìlọ̀.

Ẹ wo ibi tó ti wá. Ajá tí wọ́n so mọ́ òpó níbi ìkọ́lé, ìparí ṣéènì ló ti ń wo ayé. Ènìyàn ń kọjá, ewúrẹ́ ń kọjá, alùpùpù ń kọjá. Bó bá wù ú láti lọ bá wọn, ṣéènì á fà á padà; bó bá ń bẹ̀rù wọn, kò rí ibi sá sí. Gbígbó nìkan ló kù fún un. Bó bá sì ti gbó, nǹkan náà á lọ. Ibi tí zémidjan ń lọ tẹ́lẹ̀ náà ló ń lọ o, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ajá kan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ajá, gbígbó òun ló lé e. Ohun tó bá ń mú èrè wá fún ajá lójoojúmọ́ kì í fi í sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbígbó alùpùpù fi máa ń le sí i láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Okùn tí ẹ fi sí i lọ́rùn báyìí, òpó ìkọ́lé yẹn ló tún rán an létí.

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ó sì dájú pé ẹnì kan ti fi òwe yìí ti ọ̀rọ̀ pàṣán lẹ́yìn fún yín. Ṣùgbọ́n ajá tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò kò kọ etí dídi sí yín. Ara rẹ̀ ti gbóná kọjá ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọlé: ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, bí ẹ bá tilẹ̀ gbé ẹran sí imú rẹ̀, kò ní rí i. Ẹ̀kọ́ kankan kì í wọ orí ajá lákòókò yẹn, yálà ti pàṣán ni o tàbí ti ẹran. Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ yín, kó tó gbó ni. Ohun èlò yín àkọ́kọ́ sì ni àlàfo, ìyẹn bí ohun tó ń ru ú sókè ṣe jìnnà sí i tó.

Kí ẹ tó dé orí ìyẹn, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ajá tí etí ń dùn, tí oríkèé ń ro, tàbí tí ibà tí eégbọn ń kó bá ajá wà lára rẹ̀, kì í ní sùúrù lójú ọ̀nà. Kí wọ́n wo etí, eyín, ìdí àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n fún un ní oògùn aràn àti ti eégbọn. Pàtàkì jù, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ajá tí ẹ ò mọ ìtàn rẹ̀, ẹ kà á sí èyí tí kò gbà á rí. Ẹ gba ìwé rẹ̀ sọ́wọ́, ẹ sì máa tún un gbà ní ìgbà tí dókítà bá kọ sínú ìwé náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ẹ̀rù ni tàbí ìháragàgà, torí ariwo méjèèjì jọra. Ajá tí ẹ̀rù ń bà máa ń gbé ara sẹ́yìn kó tó sọ síwájú. Ìrù rẹ̀ lè wọ abẹ́, etí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ orí, bí ohun náà bá sì ti lọ, ara á tù ú. Ajá tó ń háragàgà ń fà síwájú ṣáá, ó ń ké wíwíwí láàárín gbígbó, ìrù rẹ̀ ń jù fẹẹrẹfẹ. Bí ohun náà bá lọ, inú rẹ̀ kì í dùn, ó fẹ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ pẹ́ ní díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì: ó lè máa háragàgà sí ajá, kó máa bẹ̀rù alùpùpù. Ọ̀nà ìtọ́jú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àyàfi ohun kan: ẹ má mú ajá tí ẹ̀rù ń bà lọ kí ajá mìíràn kó lè mọ̀ wọ́n. Kódà fún oníháragàgà, kí ajá méjì dojú kọ ara wọn lórí okùn tó le gbọnrangandan jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ ohun èlò. Ìdè ọrùn nìkan kò tó fún ajá tó ń fà. Ó ń fún un lọ́fun, ó ń wúkọ́, ìfúnlọ́fun yẹn sì tún ń fi kún ìgbóná ara rẹ̀. Ìdè àyà ni kí ẹ wá, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní *harnais*, kó ní òrùka méjì: ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú àyà. Ti iwájú ni ẹ máa fi okùn kọ́ lójú títì, torí bó bá fà, yóò yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, kò ní lè ti gbogbo agbára rẹ̀ síwájú. Bí ẹ ò bá rí i rà, ẹni tó ń rán báàgì lè rán an fún yín. Okùn pẹlẹbẹ oní-náílọ́ọ̀nù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 ló dára. Ẹ wọn ìdí ọrùn yíká, ẹ wọn àyà yíká lẹ́yìn apá iwájú, ẹ sì wọn láti egungun àyà, gba àárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, dé ibi tí okùn ìhà máa gbà. Kí iwájú rẹ̀ rí bíi lẹ́tà Y. Okùn tó bá dábùú èjìká ń dí ìrìn rẹ̀ lọ́wọ́. Kí okùn ìhà fi ìka méjì sí mẹ́ta jìnnà sí abíyá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ á bó. Òrùka irin tí wọ́n jó pọ̀ ni kí wọ́n lò. Èyí tí wọ́n kàn tẹ̀ lásán ló máa ń là lọ́jọ́ tí ajá bá fò. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ fún un, kí ìka méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá mìíràn mọ bí a ti ń fà sẹ́yìn bọ́ jáde nínú ìdè àyà, nítorí náà ẹ fi okùn kúkúrú kan so ó pọ̀ mọ́ ìdè ọrùn títí ẹ ó fi mọ ìwà rẹ̀.

Okùn ìfàlọ́wọ́ tó gùn tó mítà 2 ló dára fún àdúgbò. Ẹ má ra èyí tó ń fa ara rẹ̀ wọlé tó ń na ara rẹ̀ jáde. Ó ń kọ́ ajá pé bí òun bá fà, ọ̀nà á gùn sí i, tín-ín-rín rẹ̀ sì lè gé ọwọ́. Ṣéènì wúwo jù, ó sì tún ń dún bíi ti òpó tó ti wá. Ẹ má wé okùn mọ́ ọwọ́ tàbí mọ́ ìka. Ẹ ti ọwọ́ bọ ojú rẹ̀, ẹ dì í mú, kí ọwọ́ kejì mú àárín okùn, kí méjèèjì wà nítòsí ìdodo yín. Bàtà tó mú ẹsẹ̀ dáadáa ni kí ẹ wọ̀. Sálúbàtà ló ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣubú, ajá kàn ń gba ẹ̀bi ni.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ dá ìrìn ojú títì dúró. Mo mọ̀ pé yóò dà bíi pé ẹ ń fi ìyà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ajá kò ní kú nítorí pé kò rí ọjà. Bó bá gbó alùpùpù láàárọ̀, tí ewúrẹ́ tún mú un fò, tí ọmọdé tún sọ òkò, ìgbóná ọ̀kan ń gun orí èkejì ni. Ajá tó bá wá rí lẹ́yìn wọn, tí kò bá ti gbó ká ní òun nìkan ló rí lọ́jọ́ náà, ni yóò gba gbogbo rẹ̀. Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ó máa ń gba wákàtí púpọ̀, nígbà mìíràn ó ń di ọjọ́ kejì tàbí kẹta, kí ara rẹ̀ tó balẹ̀ pátápátá. Nínú ọgbà ilé, ẹ fọ́n oúnjẹ rẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ tàbí sáàárín koríko kó máa fi imú wá a fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ ká ẹran wẹ́wẹ́ mọ́ inú àkísà, kó tú u. Gbígbóòórùn àti jíjẹ nǹkan lẹ́nu ń mú kí ara ajá rọ̀ ju sísáré lọ. Ẹ má fún un ní egungun tí a ti sè. Ó ń fọ́ sí ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun.

Àárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí ni ẹ máa kọ́ ọ ní nǹkan mẹ́ta nílé. Àkọ́kọ́, "Káre!" Ẹ sọ ọ́, kí ẹran wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣe é bí ìgbà 10 sí 15 lọ́wọ́ kan, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, títí tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ti sọ ọ́, orí rẹ̀ á yí sí yín. Èkejì, "Ó yá!" Ẹ ń rìn nínú ilé, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìdùnnú, ẹ yí padà pátápátá, ẹ rìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ẹran tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan yín. Ìyípadà yìí ló máa gbà yín lọ́jọ́ tí ajá kan bá ṣàdédé yọ ní kọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ ṣe é títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi máa yí kó tó ronú. Ẹ̀kẹta, "Wá a!" Ẹ sọ ọ́, ẹ fọ́n ẹ̀kúnwọ́ kékeré sílẹ̀, kó máa ṣà á. Bó bá mọ̀ wọ́n nínú yàrá, ẹ gbé e lọ sí ọgbà, lẹ́yìn náà sí ẹnu géètì, kó tó di ojú títì láàárọ̀ kùtù.

Ẹ sọ pé ìgbà tí ẹ bá mú okùn ló ti ń yí padà. Ẹ gba agbára yẹn lọ́wọ́ okùn. Ẹ máa mú un lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́ láìlọ síbì kankan: ẹ gbé e, ẹ fi í kọ́ ìdè àyà, ẹ fún un ní ẹran, ẹ tú u, ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ jáde lóòótọ́, ọwọ́ yín kò ní kan géètì títí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ á fi wà nílẹ̀. Bó bá fò, ẹ mú ọwọ́ kúrò, ẹ dúró láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lè gba ìṣẹ́jú 10 lẹ́nu géètì nìkan, ẹ má kánjú. Ajá tó bá ti gbóná jáde nílé, kò sí bí ìrìn náà ṣe máa dára.

Ẹran wo? Kì í ṣe búrẹ́dì o. Ojú títì ní ìdíje púpọ̀, ohun tí ajá kì í rí jẹ ní gbogbo ìgbà ló lè borí rẹ̀: ẹran adìyẹ tí a sè láìfi iyọ̀ àti ata sí, iwe, ẹ̀dọ̀ díẹ̀ (ó pọ̀ jù, ó ń ṣu ṣààṣà), ẹyin sísè, tàbí wàgáṣì (wàrà dídì àwọn Fúlàní) tí wọn kò tíì dín tí kò sì ní iyọ̀, bí wàrà kò bá ń da inú rẹ̀ rú. Ẹ gé e bíi hóró ẹ̀wà; iye ìgbà tó jẹ ẹ́ ló ń kọ́ ọ, kì í ṣe títóbi rẹ̀. Ìrìn kan lè gba 40 sí 60 irú hóró bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ dín oúnjẹ alẹ́ kù. Kí ẹran ìkọ́ni má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ má fún un ní cìcìǹgà (ẹran tí a fi igi gún sun): àlùbọ́sà àti áyù inú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹ fi ẹran náà sínú àpò kékeré níbàdí. Bó bá jẹ́ inú láílọ́ọ̀nù tí ẹ dì ní kókó ló wà, ajá tí ẹ ń dúró dè á ti kọjá kí ẹ tó tú u.

Ó wá ku ojúlówó iṣẹ́. Ẹ wá ibi tí ọ̀nà ti gbòòrò, tí ẹ ti lè rí ohun tó ń bọ̀ láti òkèèrè, tí ẹ sì ní ibi tí ẹ lè yà sí. Àgbègbè ilé ẹ̀kọ́ nígbà ọlidé, tàbí ọ̀nà tó gba etí ọ̀sà lọ láàárọ̀, dára ju àárín àdúgbò tóóró lọ. Ẹ dúró síbi tó ti lè rí ajá mìíràn, tó ṣì ń gba ẹran lọ́wọ́ yín bó ṣe ń gbà á nílé, tó sì ń yíjú bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ààlà rẹ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ ìṣísẹ̀ 20, ó lè jẹ́ 80. Ẹ fi ẹsẹ̀ kà á, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ààlà ti ajá, ti ewúrẹ́ àti ti alùpùpù kì í dọ́gba.

Ẹ máa wo ara rẹ̀, ẹ yé wo ajá tó ń bọ̀. Ẹnu tó là tẹ́lẹ̀ á pa dé lójijì. Etí á nà síwájú, ìrù á gòkè á le, ara á wúwo síwájú, ojú á kàn mọ́ ibì kan láìṣẹ́jú. Láti ìgbà tí ẹnu bá pa dé sí ìgbà tó máa gbó lè má ju ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3 lọ. Inú ìwọ̀nba yẹn ni "Káre!" ti ń wọlé. Ó rí ajá, ẹ ní "Káre!", ẹran dé. Ó tún wò ó; "Káre!", ẹran tún dé. Ajá yẹn lọ, ẹran tán, ẹ ò fún un ní nǹkan kan mọ́. Ẹ má ṣe yí ètò yìí padà. Ajá gbọ́dọ̀ yọ ṣíwájú ẹran. Ẹni tó bá rí ajá lọ́ọ̀ọ́kán tó sáré ti ẹran bọ ajá tirẹ̀ lẹ́nu kó má baà rí i, á kọ́ ọ pé bí ẹran bá ti jáde lápò, ewu ń bọ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹran gan-an á máa bà á lẹ́rù.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ohun kan á ṣẹlẹ̀ tí ẹ máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀: á rí ajá, á sì yí ojú padà sí yín fúnra rẹ̀, bí ẹni ń béèrè ẹran dà. Láti ìgbà yẹn, ẹ má sọ "Káre!" nígbà tó ń wò ó mọ́, ẹ dúró dè é kó yíjú, kí ẹ tó sọ ọ́. Bó bá yíjú bẹ́ẹ̀ nígbà 8 nínú 10, ẹ sún mọ́ ọn ní ìṣísẹ̀ 2 tàbí 3, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá gbó lẹ́ẹ̀mejì nínú ìrìn kan, ẹ ti sún mọ́ jù. Ẹ padà sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó rọrùn, ẹ lọ sílé. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó.

Ti alùpùpù, ẹ tú u palẹ̀, torí nǹkan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ìrísí, ariwo àti ìsáré. Ẹ bẹ zémidjan kan tí ẹ mọ̀, ẹ san owó ìrìn fún un bíi pé ó gbé yín. Kó dúró síbi tó jìnnà láìtan ẹ́ńjìnnì, kí ajá máa wò ó, kó máa jẹran. Lọ́jọ́ mìíràn, kó tan ẹ́ńjìnnì láìkúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà, kó ti alùpùpù náà lọ síwájú pẹ̀lú ẹsẹ̀ láìtan án. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá ti di ohun tí kò kà sí mọ́ ni kó gùn ún lọ jẹ́jẹ́, láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe kó dojú kọ yín. Nígbàkígbà tí ẹ bá fi ohun kan kún un, ẹ fi àlàfo náà kún un. Ẹni tó bá mú ajá dúró létí títì Ouando pé kó máa wo alùpùpù 200 títí yóò fi mọ́ ọn lára kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ṣe ló rì í sínú ohun tó ń bẹ̀rù.

Ewúrẹ́ yàtọ̀ díẹ̀, torí dídọdẹ ni, kì í ṣe ẹ̀rù. Ẹran lè má tó fún un; ẹ jẹ́ kí ẹran jíjẹ náà sáré: bó bá yíjú kúrò lára ewúrẹ́, ẹ ju hóró ẹran sílẹ̀ lẹ́yìn yín kó lé e. Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín pé a lè tú u lókùn láàárín ewúrẹ́ onílé onílé. Àwọn tó wà ní Kétu àti Sábẹ̀, níbi tí àgùntàn àti màlúù ti ń gba ojú ọ̀nà kọjá, okùn mítà 8 sí 10 tí a fi kọ́ òrùka ẹ̀yìn ìdè àyà ni kí wọ́n máa lò ní pápá.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù kò pọ̀. Ọ̀kan ni kí ẹni tó mú okùn fà á le nígbà tó bá rí ajá lọ́ọ̀ọ́kán, kí ajá tirẹ̀ tó rí i. Okùn tó le ló sọ fún un pé nǹkan ń bọ̀. Ẹ tú ìgúnpá sílẹ̀, ẹ mí jáde, ẹ yà. Òmíràn ni kí ẹ ní kó jókòó títí ohun tó ń bọ̀ á fi kọjá. Ajá tí ẹ̀rù ń bà tí ẹ fipá mú jókòó níwájú ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹ gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Rírìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dára jù fún un. Bó bá ń gba ẹran ṣùgbọ́n tó ń fi eyín já a gbà débi pé ó ń dun ìka yín, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ààlà, ẹ tètè sún sẹ́yìn. Bó bá sì gbó tán kó tó wò yín kó gba ẹran, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, ó ti so gbígbó mọ́ ètò náà. Ẹ̀yin ni ẹ pẹ́, ẹ tètè sọ "Káre!" kí ẹnu rẹ̀ tó là.

Ajá tí kò ní okùn, tó ń dá rìn kiri, ni ìṣòro wa tí àwọn ìwé ìlú òkèèrè kì í mẹ́nu bà tó. Bó bá ń bọ̀, "Ó yá!", ẹ yí padà, ẹ má sáré. Bó bá tẹ̀ lé yín, ẹ fọ́n ẹ̀kúnwọ́ ẹran kan sí ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ebi ló ń pa, á dúró jẹ ẹ́. Ẹ fi ọkọ̀ tó dúró tàbí ògiri sáàárín. Bíbẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú òkúta ń lé ọ̀pọ̀ ajá ìgboro sẹ́yìn láìsọ òkúta kankan, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wọ́n lè ti sọ òkúta lu ajá yín náà rí. Ẹ lò ó nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Bí ìjà bá bẹ́, ẹ má ti ọwọ́ bọ àárín wọn. Omi tí ẹ dà sí wọn lójú dára ju igi lọ.

Bí ajá èyíkéyìí bá gé ènìyàn jẹ, kódà kó jẹ́ pé eyín kàn họ ara ni, ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Ẹ má fi ata, epo tàbí àgúnmu sí i, ẹ má sì dúró de àmì: bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára ènìyàn, ikú ló ń já sí. Ajá tó gé e jẹ, ẹ má pa á. Kí wọ́n so ó síbi tó láàbò, kí dókítà ẹran máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10.

Ní ti agbọ̀n ẹnu, ìyẹn ohun tí a fi ń bo ẹnu ajá kó má baà géni jẹ, bí ajá yín bá ti sọ eyín kan ẹnikẹ́ni rí, kó wọ̀ ọ́. Èyí tó rí bí agbọ̀n, tó lè la ẹnu mí kó sì mu omi nínú rẹ̀, ni kí ẹ rà. Aṣọ tí wọ́n dì mọ́ ọn lẹ́nu lè pa á nínú ooru wa, torí mímí hẹlẹhẹlẹ ni ajá fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ẹ fi ẹran sínú rẹ̀ kó máa ki imú bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹ tó so ó.

Àkókò ìrìn tó dára jù ni bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, kí zémidjan tó pọ̀, tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀dà títì fún ìṣẹ́jú àáyá 7; bí ẹ ò bá lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè fara dà á. Ẹ yẹra fún ojú ọ̀nà mọ́sálásí ní ọ̀sán Jímọ̀ọ̀. Ẹni tó ti ṣe àlùwàlá kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ rẹ̀, ìyẹn sì tọ́ sí i. Nígbà ọdún Vodun nínú oṣù Ṣẹẹrẹ tí ìlù kò ní dákẹ́, lálẹ́ òpin ọdún tí wọ́n ń yin báńgà, àti nígbàkígbà tí egúngún tàbí Zangbeto bá jáde, inú yàrá ni kó wà, fèrèsé títì, rédíò ní títàn, ohun tó máa jẹ lẹ́nu níwájú rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ àdúgbò pé bí ẹ bá ń kọjá, kí wọ́n má pe orúkọ rẹ̀, kí wọ́n má sáré. Ọmọ tí ẹ bá fi ṣe olùrànlọ́wọ́, tó ń dúró lọ́ọ̀ọ́kán láìmira, wúlò ju mẹ́wàá tí ẹ lé lọ.

Ẹ máa ka oṣù, kì í ṣe ọjọ́. Kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ ni àmì àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí; ẹ máa rí i pé ó gbó, ṣùgbọ́n ó dẹwọ́ kíákíá. Nínú ìwé kékeré yẹn, ẹ kọ àlàfo náà, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó gbà kó tó tún gba ẹran. Bí 5 bá di 1 láàárín oṣù kan, iṣẹ́ ń lọ, kódà kí aládùúgbò máa sọ pé kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá tí kò lè jẹ nǹkan kan níta rárá, tàbí tó ń yí padà gé ẹ̀yin fúnra yín jẹ nígbà tí ajá mìíràn bá kọjá, ẹ padà lọ bá dókítà ẹran. Oògùn wà tó lè bá ajá bẹ́ẹ̀ dín ìpayà kù kí ẹ̀kọ́ lè wọlé, dókítà ló máa fi ìwúwo rẹ̀ wọn ún. Ẹ má fi oògùn oorun ènìyàn dán an wò.